Páálí Wáyà Tí Ọ̀gá Rà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Agége

Ọ̀gá wa gbé páálí wáyà kọ̀ǹpútà wọlé lónìí, gbogbo rẹ̀ ti ní orí tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu méjèèjì. Wọ́n ní, "Ṣadé, ìwọ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ, ẹ sinmi wáyà ṣíṣe. Èyí tí a rà yìí dáa ju tiyín lọ."

Bóyá ó dáa jù lóòótọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kò ṣiṣẹ́, torí mo to okùn aláwọ̀ ewé méjèèjì inú rẹ̀ tira wọn, dípò kí n fi búlúù sáàárín.

Ṣùgbọ́n ìdí wáyà ṣíṣe nìkan ni ẹnìkan ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo Èkó yìí. Àǹtí Ṣadé á jókòó sílẹ̀, èmi náà á jókòó tì wọ́n, a ó máa tú okùn wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tó wà nínú wáyà bí ìyá mi ṣe máa ń tú irun mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àǹtí á bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọwọ́ ìyá mi...

Mo rí i láàárọ̀ pé wáyà tó gùn jù nínú páálí náà kò lè dé kọ̀ǹpútà ilé ìkẹ́rùsí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí a fi parí iṣẹ́. Lẹ́nu géètì, mo ní, "Àǹtí, kò ní dé ilé ìkẹ́rùsí o."

Wọ́n wò mí. "Háà! Ṣé o lẹ́nu báyìí? A jọ máa ṣe tibẹ̀ lọ́la. Tètè dé o."

Wáyà kan péré ni. Màá rọra tú u.