Lẹ́tà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yà Ló Wà Lára Bébà Yẹn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí... mo mọ ẹni tó lẹ bébà ìbanilórúkọjẹ́ kiri ọjà Ochanja. Ìyàwó mi ni. Mi ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Onitsha níbí ni mo ti ń ṣe graphics, èmi ni mò ń kọ orúkọ sára bọ́ọ̀sì ní Bridge Head. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ojú ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Mo wá ya font kan, ìyẹn irú lẹ́tà kan, fúnra mi: bold, italic, lẹ́tà tí kò ní ìrù lẹ́sẹ̀, ó ki dáadáa, ó sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sáré lé mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn mìíràn kàn máa ń ti lẹ́tà tó dúró ṣánṣán kó lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí O wọn fi máa ń wọ́ bí ọsàn tí wọ́n jókòó lé. Èmi tún gbogbo tèmi yà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ R mi nà síta bíi ti ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àmì orí i kì í ṣe róbótó, àpótí kékeré tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ má fi kọ ìwé gígùn o, ojú á máa ro èèyàn. Ẹ má fi kọ ìkéde òkú, á dà bíi pé ẹ ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ara bọ́ọ̀sì, jẹ́sì, báńnà... láti òdìkejì títì lẹ ó ti kà á! Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni, orí laptop ilé wa ní Omagba nìkan ló wà.

Àfi bí mo ṣe rí bébà lára ògiri ní Ochanja pé krímù Ìyá Kúnlé onírun ń jẹ irun oníbàárà. Ohun tó ń tì mí lójú jù ni pé inú mi kọ́kọ́ dùn... mo ní lẹ́tà yìí mà lágbára o! Ìgbà tí mo rí ẹsẹ̀ R yẹn ni mo tó mọ̀ pé lẹ́tà tèmi ni.

Iṣẹ́ irun kan náà ni ìyàwó mi àti Ìyá Kúnlé ń ṣe, oníbàárà ni wọ́n ń bára wọn dù. Nígbà tí mo bi í, kò tiẹ̀ sẹ́. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, “Olówó orí mi, ojú ta ló mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí tìẹ?” Ṣé irọ́ ló pa?

Síkírá, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Kúnlé kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sílẹ̀, ni gbogbo ẹgbẹ́ onírun ń tọ́ka sí. Chairlady wọn ní, “Saturday, we go lock am!” Ṣọ́ọ̀bù Síkírá ló ní àwọn máa tì pa. Ìyàwó mi sì wà níbẹ̀, ó ń bá wọn bú ọmọ ọlọ́mọ!

Lánàá ni Síkírá wá bá mi tẹkúntẹkún. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ lẹ́tà jù lọ lọ́jà yìí, ẹ bá mi dé ìpàdé ẹgbẹ́ ní Sátidé, ẹ yẹ bébà náà wò, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi... Mo sì ti gbà! Kí ni mo rò tí mo fi gbà?

Bí mo bá sọ òótọ́, ilé mi tú. Bí mo bá ní mi ò dá lẹ́tà náà mọ̀, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, tí wọ́n bá gbé bébà yẹn lé mi lọ́wọ́ ní Sátidé, tí ìyàwó mi jókòó síwájú mi, tó ń wò mí... kí ni kí n sọ?