Ìyá Tó Kọ́ Dókítà ní Ìjókòó: Ìtàn Ìgbésí Ayé Doña Esneda Riascos Angulo

Ìlú Guapi, létí odò, ni wọ́n ti bí olóògbé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 1953. Don Teófilo Riascos tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wọn. Doña Clementina Angulo ni ìyá wọn, tó ń fọwọ́ wá píángúà, ẹran inú ìkarahun tí à ń jẹ, nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí. Don Eliécer ni àgbà, Doña Esneda tẹ̀ lé e, èmi Nidia tí mo ń kọ èyí ni àbíkẹ́yìn. Ìwé mẹ́rin ni Doña Esneda kà. Èmi ò tiẹ̀ kà tó yẹn, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀.

Ní 1971 Doña Esneda wá sí ìlú ńlá Cali. Ní 1975 wọ́n fẹ́ Don Arcesio Hurtado, bíríkìlà, Ọlọ́run sì fún wọn lọ́mọ mẹ́ta. Don Arcesio ṣaláìsí ní 1998. "Àìsàn ránpẹ́" la kọ sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Ọdún méjì ló fi dùbúlẹ̀. Dókítà ò sọ ohun tó ń ṣe é fún un, àwa náà ò sọ. Ó ń bèèrè títí ó fi kú.

Láti 1979 ni Doña Esneda ti ń nu ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Cali níbí. Ní 2004, Dókítà Ofelia Lozada bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà bí a ṣe ń bá ẹni tó ní àìsàn yẹn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ṣe bí aláìsàn, dókítà á wá sọ ìròyìn burúkú fún un. Doña Esneda ń nu ẹnu ọ̀nà, wọ́n mi orí.

"Dókítà Ofelia, ẹ má bínú o. Ẹni yẹn ń sunkún bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í tètè sunkún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò."

Ni Dókítà Ofelia bá ní kí Doña Esneda wá jókòó sórí àga aláìsàn náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Bí dókítà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sá ni? Ẹ fa àga." Bó bá ní kókó kékeré kan ni, wọ́n á ní, "Kókó wo? Ṣé kókó inú ẹ̀kọ ni? Ẹ pè é lórúkọ." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá Dókítà Wilmer Palacios padà, torí pé bàtà wọn ló ń wò dípò ojú wọn.

Nínú ìjọ Àgùdà àdúgbò wa, Doña Esneda ló ń dá orin arò. Wọ́n sì máa ń lọ jókòó ti àwọn aláìsàn tí ẹbí ti sá fún.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n fọwọ́ kan nǹkan lọ́mú òsì. Ọ̀dọ̀ Dókítà Wilmer náà ni wọ́n gbé èsì àyẹ̀wò lọ. Mo yọ́ ṣáájú wọn wọlé.

"Dókítà, mo bẹ yín, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ ní eéwo lásán ni."

Ó dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó pa fóònù, ó fa àga, ó jókòó. Kò tíì lanu tí Doña Esneda fi rẹ́rìn-ín.

"Wilmer, o ti jókòó. Mo ti gbọ́."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́?"

"Sọ ọ́. Pè é lórúkọ. Má sì wo bàtà mi o."

Ó sọ ọ́. Doña Esneda wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Nidia, ìwọ lo ní kó parọ́. Wo òógùn nímú rẹ. Ohun tá a ṣe fún Arcesio lo tún fẹ́ ṣe fún mi?"



Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n lò sí i. Wọ́n padà lọ wo odò Guapi. Wọ́n pe àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi, wọ́n ní, "Bí o bá kọ àìsàn ránpẹ́ sínú ìwé mi, màá wá fa etí rẹ." Mo ṣèlérí.

Ṣùgbọ́n lánàá Don Eliécer ní, "Kọ àìsàn ránpẹ́, kó tán. Ṣé o fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gbéyàwó máa sá fún àwọn ọmọbìnrin ilé yìí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ẹ̀rù àìsàn náà tún wá jù. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá kọ orúkọ rẹ̀, yóò mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ wò ó, mo ti kọ ọ́ dé ibí yìí, mi ò tíì dárúkọ rẹ̀.

Doña Esneda fi ọmọ mẹ́ta sáyé, Yamile, Harvey àti Luz Dary, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, Don Eliécer, àti èmi.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2022, jẹjẹrẹ ọmú ló pa Doña Esneda Riascos Angulo.

Mo ti kọ ọ́. Ẹ sùn re, ọmọ Clementina. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ lọ́hùn-ún, kó fa àga kó tó lanu.