Baba Fò-lọ àti Yàrá Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Mo pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn, kó lọ gba ewúrẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ewúrẹ́ á gbọ́ jù mí lọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà níléèwé Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n mo lè kọ orúkọ mi, mo sì mọ ilé tí mo fi owó gaàrí kọ́.

Inú sítọ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Sítọ̀! Èmi, iṣu, àti èkúté. Oyèlẹ́yẹ ọmọ mi ló wà ní yàrá mi láti oṣù Kejì. Ó ní nínú gbogbo ilé, ojú fèrèsé mi nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. "Màámi, ẹ yá mi ní yàrá yín, ọ̀sẹ̀ méjì péré." Mi ò fèsì. Mo ń jẹun lọ́wọ́. Kí n tó gbé òkèlè mì, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ìpàdé. Oyèlẹ́yẹ ń bá àwọn Ará-Inú-Dígí sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ — òyìnbó, ará Íńdíà, ará Japan, orí lásán, kò sẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ nínú wọn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n túká, mo bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó ní èdè kan wà tí àwọn èèyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin èdè náà, kí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Japan àti èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lè gbọ́ ọ bákan náà. Ní báyìí, ohun tí èdè náà máa dà lọ́dún mẹ́wàá sí i ni wọ́n ń pète: kí ni wọ́n á fi kún un, kí ni wọ́n á yọ. Ojora mú wọn. Wọ́n ní èdè náà ń darúgbó, àwọn ọmọdé ò kọ́ ọ mọ́.

Àánúolúwa, ọmọ Oyèlẹ́yẹ, wọlé láti iléèwé. Mo ní, "Káàbọ̀, orogún mi." Ó ní, "Háì, Gíráńmà." Bàbá rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń ṣòfin èdè.

Ọjọ́rú, 8

Èkúté jẹ etí Bíbélì mi. Ìwé Jóòbù ló mú.

Ọjọ́bọ̀, 9

Abdulhafeez wá. Ọmọ àwọn alfa ni, òun àti Oyèlẹ́yẹ jọ ń kọ́ni ní yunifásítì, wọ́n sì jọ wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ tó mọ̀wà hù — ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń wá.

Àṣẹ àtijọ́ kan wà nínú èdè wọn tó máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fo àárín, kó bọ́ síbòmíràn. Mo sọ ọ́ ní Baba Fò-lọ. Abdulhafeez fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ó ti gbó, ó máa ń da iṣẹ́ rú, kò sì sọ́mọ tó mọ̀ ọ́n lò mọ́." Mo ní, "Èmi náà ti gbó, mo sì máa ń da iṣẹ́ rú. Ṣé kí wọ́n yọ èmi náà ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má kó bá mi, Màmá." Oyèlẹ́yẹ ò rẹ́rìn-ín.

Ló bá kọjú sí dígí, ó ń sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó. Abdulhafeez ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Oyèlẹ́yẹ ní iṣẹ́ báǹkì, iṣẹ́ ọsibítù, èyí tí àwọn tó ti kú kọ sílẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, orí Baba Fò-lọ ló dúró lé. Ó ní a kì í hú òpó ilé nítorí pé èéfín ti bò ó. Ó ní ẹni tó ti ru ẹrù wa, ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí i. Ọmọ mi! Mo pàtẹ́wọ́ títí ẹ̀wà tí mo ń ṣà fi dànù.

Ìrọ̀lẹ́ — Tinúọlá ìyàwó rẹ̀ mú téépù wọ yàrá mi, ó ń wọn ògiri. Tábìlì gígùn ni wọ́n fẹ́ kàn síbẹ̀, káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ́fíìsì ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà pátápátá. "Màámi, a máa kun sítọ̀ fún yín. Àbí ẹ ò fẹ́ lọ máa gbafẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò yín l'Ólúpọ̀nnà?" Gbafẹ́! Lọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀ tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo ní ta ló fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Màámi. Lóṣù Kejì. Ẹ ò ṣá kọ̀."

Yàrá tí bàbá wọn kú sí. Yàrá tí èmi náà fẹ́ kú sí.

Láti òní lọ, Téépù lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo bi Abdulhafeez bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn. Ó ní wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dìbò. Alága á béèrè pé, "Ta ni ò gbà?" Bí gbogbo ẹnu bá dákẹ́, ó kọjá nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun ò gbà, tó sì sọ ìdí, dandan ni kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo ní, "Ẹnì kan ṣoṣo?" Ó ní, "Ẹnì kan ṣoṣo, Màmá."

Òfin tó dáa. Mo fi í sábẹ́ ahọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Pásítọ̀ wàásù lórí bíbọ̀wọ̀ fún òbí. Oyèlẹ́yẹ ṣe "Àmín" tó gún régé. Lẹ́yìn náà ó sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Wàhálà.

Mo ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn yàrá mi. Yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, mo bá tèmi lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo mọ̀ pé ìpàdé tiwọn máa wáyé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fà á sí ọ̀sán. Kí n má purọ́ fún ìwé: bí mo bá tiẹ̀ mọ̀, ǹ bá ṣì tì í.

Nígbà tí mo sọ̀ lórí ọ̀kadà, Oyèlẹ́yẹ wà lójúde, ó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ fi mú ẹyẹ. Ẹ̀pà ò bóró mọ́. Alága ti béèrè pé ta ni ò gbà kí wọ́n yọ Baba Fò-lọ, nẹ́tíwọ̀kì ò sì gbé ohùn ọmọ mi dé ọ̀hún.

"Màámi! Wọ́n ti kà mí mọ́ àwọn tó gbà!"

Mo ní, "O ò ṣá kọ̀."

"Mo kọ̀, Màámi! Wọn ò gbọ́ mi ni!"

Mo ní, "Hẹn-ẹ́n." Mo lọ gbé iṣu kaná.

Ọjọ́rú, 15

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kì í ṣe torí Téépù tó ń fajú ro. Torí Baba Fò-lọ ni. Òun ò ṣẹ̀ mí.

Oyèlẹ́yẹ ti kọ̀wé sí alága pé òun ò gbà, ó sì sọ ìdí. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn orí tí ò lẹ́sẹ̀ yìí mọ òfin ju ará ilé mi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Ijó ni Oyèlẹ́yẹ ń jó jáde láti yàrá mi. "Màámi, a borí! Wọn ò ní yọ ọ́ lójijì mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde pé ó ń lọ, kí àwọn tó ń lò ó lè múra. Ọdún mẹ́fà!"

Mo ní, "Ọdún mẹ́fà kí àṣẹ kan tó kó ẹrù."

"Ìwà ìkà ni kéèyàn kàn ṣàdédé ṣí àgbà nípò, Màámi."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Abdulhafeez wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wá tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi jáde, òkèlè ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Sirajudeen káfíńtà gbé tábìlì dé láti Kuta. Orí kẹ̀kẹ́ ló gbé e, ẹsẹ̀ tábìlì yọ síta bí ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n ń gbé relé ìyàwó. Mo gbé àga mi sí àárín ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mo jókòó.

Téépù ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Mi ò sún.

Sirajudeen ní, "Ìyá, níbo ni kí n gbé e sí?"

Oyèlẹ́yẹ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀." Mo ní rárá, ojú káfíńtà ni. Mo ní, "Béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè ní ìpàdé yín." Ó wo káfíńtà. Mo ní, "Béèrè!"

Ó béèrè, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn: "Ta ni ò gbà?"

Mo ní èmi ni. Ìdí rèé. Ọ̀sẹ̀ méjì lo ní o fẹ́ yá yàrá mi, oṣù mẹ́jọ rèé. Mi ò tà á fún ọ, mi ò sì fi ta ọ́ lọ́rẹ. Mi ò tọrọ ọdún mẹ́fà, mi ò fẹ́ ọ̀dà lára sítọ̀. Gbèsè ni.

Dá yàrá mi padà.