Ìbọn Kò Jẹ̀bi

Fẹ̀hìntolúwa, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ibẹ̀. Ara màmá wa ti yá, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìyàwó mi ti wa iṣu tuntun, ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọwà jẹ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìbọn ni èmi àti Mùhísínì ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣeré ní Sátidé. A máa ń gbé páálí tí a ya òbìrípo sí síwájú àpáta, a ó máa yìnbọn sí àárín rẹ̀.

Láti oṣù méjì, ọta mi kò bá àárín mọ́. Mo tún ìbọn ṣe, mo pààrọ̀ ọta, pàbó ló já sí. Ní Sátidé tó kọjá, mo ní kí Mùhísínì yìn ín wò. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló yìn ín, gbogbo rẹ̀ wọ àárín.

Ó gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn yín kò jẹ̀bi o. Ojú yín ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì. N kò rí páálí náà mọ́.

Dókítà ní Ìlọrin ní nǹkan funfun ló bo ẹyinjú mi, iṣẹ́ abẹ ló lè mú un kúrò. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n ní àgbà ló dé, wọ́n sì kú láì rí ojú àkọ́bí rẹ. Èmi kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́.

N kò bèèrè owó. Jọ̀ọ́, pe ìyàwó mi, kí o fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí a fi ojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adégbóyè