Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Ẹ̀rọ Bàbá Mi

Olóòtú wa lórí rédíò, mo kí yín o, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ bá fi máa kà á dé àárín, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ mí.

Aránbàtà ni bàbá mi. Ara ẹ̀rọ ìránbàtà àlòkù tó rà, tí wọ́n ṣe ní Ítálì, ni wọ́n kọ OLIO sí. Bàbá mi gbà pé orúkọ ẹ̀rọ náà ni, làwọn èèyàn bá sọ ọ́ di Bàbá Ólíò.

Nígbà tí mo ní èdè àti àṣà Ítálì ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta lo fẹ́ máa bá sọ ọ́? Èmi àbí bàtà?"

Inú bí mi. Odidi ọdún kan ni mo ti ń fi fóònù kọ́ èdè yìí. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú, Ólíò kì í ṣe orúkọ. Epo ló túmọ̀ sí. Ihò abẹ́ rẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ ti máa da epo sí láti ọjọ́ yìí."

Ó rọ epo síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa ń ké bí ẹni tí eyín ń ro bá ń ránbàtà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi ti kọ Ítálì sínú fọ́ọ̀mù, mi ò sì yẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àfi àná tó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀rọ, tó pè mí: "Kí ni wọ́n tún kọ síbí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Lọ kọ́ ọ wá nígbà náà."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ka ìyẹn sí àṣẹ? Ẹ dáhùn sókè o, òun náà ń gbọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni,
Ọmọ Bàbá Elépo.