Kọ̀ǹpútà Yín Tí Màmá Fẹ́ Fi Jẹ́rìí

Láti Ọ́fíìsì Alága Ìgbìmọ̀ Àgbà lórí Ọ̀ràn Kọ̀ǹpútà Inú Ilé, Ẹ̀ka ti Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá wa ọ̀wọ́n, ní ọ̀run níbi tí ẹ wà,

A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí láti fi tó yín létí pé kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀ kò gbé àwòrán jáde mọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbìmọ̀ wa ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀. Fáànù rẹ̀ ń yí, iná ara rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbìmọ̀ kò tíì fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí pé inú ilé yìí kan náà ni oníṣẹ́ ibi náà ń gbé.

Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀kọ́ mi dúró ní SS Two lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní irú gírámà yìí, nígbà tí ẹ bá ń ka lẹ́tà àwọn ọ̀gá yín ní yunifásítì sókè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Modakeke fún mi ní káàdì kan tó máa ń jẹ́ kí àwòrán géèmù dán. Màmá ti lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà. Mo tú àpótí kọ̀ǹpútà, mo ki káàdì náà bọ inú rẹ̀, mo dé e padà. Ó ń kùn, kò sí àwòrán. Mo yọ mẹ́mórì rẹ̀, mo fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Òkùnkùn síbẹ̀.

Nígbà tí Màmá dé, mo ní iná ló wá lójijì tó sì jó o. Irọ́ náà ti jáde kí n tó rò ó. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì wọn wà nínú rẹ̀, àti gbogbo fótò yín. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Láàárọ̀ òní, Sátidé, wọ́n gbé òróró àdúrà jáde. Wọ́n fi ra orí àpótí náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e.

"Ìwọ kọ̀ǹpútà, ọkọ mi kò fi ọ́ sílẹ̀ kí o di ilé aáyán. Jí."

Mo ṣe àmín. Wọ́n lọ gbé omi tíì kaná.

Mo jókòó sórí àga yín. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè jókòó síbẹ̀ kí n má ṣe bíi yín. Mo wú ikọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo fa sòkòtò sókè lórúnkún, mo sì fi ohùn yín sọ pé ká ti ara ògiri bẹ̀rẹ̀. Mo wá ń fi ìka tọ wáyà bí ẹ ṣe máa ń tọ̀ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í gba ojú lásán gbọ́. Ìka mi dé ẹ̀yìn àpótí, ó kan kútẹ́ẹ̀sì.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa Màmá kun orí wáyà mọ́nítọ̀ àti ihò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nílé má baà ṣì í: pupa sí pupa. Èmi náà ti pupa bọ pupa. Ṣùgbọ́n káàdì tuntun ní ihò tirẹ̀ nísàlẹ̀. Àwòrán ti kó lọ síbẹ̀, èmi ṣì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà àtijọ́. Mo yọ wáyà mọ́nítọ̀ kúrò nínú ihò tí ẹ kùn, mo kì í bọ ti káàdì. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo rú òfin yín. Ojú rẹ̀ là.

Màmá wọlé pẹ̀lú ife tíì, wọ́n bá fótò yín lórí mọ́nítọ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti pe Pásítọ̀ pé kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìjẹ́rìí lọ́la: iná pa kọ̀ǹpútà, òróró jí i.

Mo lè ṣe ohùn Pásítọ̀. Mo lè ṣe ti àwọn tó ń ta àgbò ní Sábó. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe jókòó sáàárín ìjọ kí Màmá máa fi irọ́ mi yin Ọlọ́run? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa dákẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ padà sí ọ́fíìsì nínú òjò nítorí pé ẹ gbé bírò wọn wálé?

Lọ́sàn-án yìí, wọ́n ń lọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Wọ́n wò mí.

"Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi, kí ló dí i lónìí?"

"Màmá, kì í ṣe iná. Èmi ni mo tú u. Mo kàn pààrọ̀ ihò wáyà ni, ó là."

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Mo ti fún Pásítọ̀ ní orúkọ mi. Mi ò ní yọ ọ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ jẹ́rìí sí?"

"Pé ọmọ mi jẹ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹnì kan ká a mọ́. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí nílé yìí. Wàá dúró tì mí, wàá sì sọ apá tìrẹ."

Ṣẹ́ẹ̀tì mi ni wọ́n ń lọ̀ báyìí. Wọ́n ti lọ kọ́là rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí ìgbìmọ̀ kankan, Bàbá, kò sì sí alága. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
tó ń fi ohùn ara rẹ̀ ṣe ìdánrawò de ọ̀la