Bọ́tìnnì Kan ní Apá Ọ̀tún

                                        Ṣọ́ọ̀bù Alátùn-únṣe Rédíò,
                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Bí mo ṣe fi bàbá rẹ ṣe ìkẹyìn yìí, kì í ṣe pé mo gbàgbé wọn. Àwọn gan-an ni lẹ́tà yìí dá lé. Àlàáfíà la wà níbí.

Òjò ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, ni bàbá mi bá ní kí n bá àwọn gbé ẹ̀rọ orin yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù. O máa rántí rẹ̀: àpótí onígi tó ga dé àyà wa nígbà náà, tó ní eyín dùùrù nísàlẹ̀, tí bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí kún ojú rẹ̀. Mo kà wọ́n. Ogún wà lápá òsì, ogún wà lápá ọ̀tún. Bàbá mi ló ń yí ti òsì, bàbá rẹ ló ń yí ti ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní Òsì-àti-Ọ̀tún. Ìyá mi ní àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi iná mànàmáná ṣe orin ládùúgbò yìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lù ú, káfíńtà kan bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn àpótí náà, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí afunfèrè tí ẹ fi pamọ́ jáde wá mí díẹ̀.”

Mo bi bàbá mi bí ẹ̀rọ náà ṣe ń rántí ohùn. Wọ́n ní kì í rántí nǹkan kan. Ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan dúró sí ni ohùn wà. Bí o bá yí ẹyọ kan, ohùn àná ti lọ nìyẹn. Mo ní ṣé wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ìwọ, ṣé o máa ń kọ bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé?”

Eruku ló yà mí lẹ́nu jù. Apá òsì mọ́ tónítóní. Eruku ọdún mọ́kànlá ló wà lápá ọ̀tún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà nítorí ohùn kan ṣoṣo, tí bàbá mi ní ó ga jù, tí bàbá rẹ ní ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́, bàbá mi ò fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn mọ́. Wọ́n ní òsì ń wẹ ọ̀tún, ọ̀tún ń wẹ òsì; èyí tí mo rí yìí, òsì nìkan ló wẹ̀. Ni mo bá mú àkísà. Bọ́tìnnì tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ bà, ẹyọ àkọ́kọ́ lókè, ló yí mọ́ mi lọ́wọ́.

Bàbá mi ò bá mi wí. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà, a dúró kó gbóná, wọ́n wá tẹ eyín kan. Ohùn náà dùn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń mú. Wọ́n na ọwọ́ sápá ọ̀tún, wọ́n tún fà á padà. Wọ́n ní, “Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kọ̀wé sí ọmọ wọn. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o kọ ọ́.” O rí i pé mo ti sọ.

Jọ̀wọ́, bi bàbá rẹ ibi tí bọ́tìnnì yẹn dúró sí. Bí wọ́n bá fẹ́ yà á sínú ìwé fún ọ, má gbà. Sọ pé àfi kí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn yí i. Mọ́tò àárọ̀ Sátidé máa ń tètè dé.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì sọ fún nọ́ọ̀sì wa pé mo ń retí fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ funfun.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Bọ́tìnnì náà ní imú ṣóńṣó tó fi ń tọ́ka, ibi tí imú rẹ̀ bò lójú àpótí láti ọdún mọ́kànlá ò ní eruku rárá. Mo mọ ibi tó dúró sí. Mi ò sọ fún bàbá mi. Ṣùgbọ́n lánàá mo bá aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ náà, wọ́n ní kí n má tíì nu apá ọ̀tún; àfàìmọ̀ kí àwọn náà má ti rí ibẹ̀.

Èmi ni, tìrẹ tòótọ́, tí ń ṣọ́ eruku,

Ọmọ Òsì.